Ọkọ̀ tó ń yọ epo lójú agbami: báwo ni ọjà rẹ̀ ṣe ń lọ, ta ló sì ń ru ewu ibẹ̀?

Lọ́dún 2025, ìròyìn ọkọ̀ ńláńlá tó ń yọ epo lójú agbami, tí wọ́n ń pè ní FPSO, ń wọlé léraléra. Almirante Tamandaré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pápá Búzios ní Bràsíl lóṣù Kejì. Agogo tẹ̀ lé e ní Àǹgólà lóṣù Keje, ONE GUYANA ní Gùyánà lóṣù Kẹjọ, Bacalhau ní Bràsíl lóṣù Kẹwàá. Bí ìròyìn náà ṣe ń tàn ni ìdàrúdàpọ̀ ń bá a rìn. Àwọn kan ń pè wọ́n ní rìgì. Àwọn kan gbà pé ilé-iṣẹ́ epo tí wọ́n dárúkọ ló kan ọkọ̀ náà, òun náà ló sì ni ín. Àwọn mìíràn kà á níbì kan pé bílíọ̀nù kan dọ́là ni ọkọ̀ kan, wọ́n kà á níbòmíràn pé mẹ́rin ni, wọ́n wá ní ẹnì kan ń parọ́.

Kò fi dandan jẹ́ irọ́. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ ọjà yìí rú ni pé ọwọ́ márùn-ún ló wà nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo: ilé-iṣẹ́ epo, agbaṣẹ́ṣe tó ń ṣètò ọkọ̀, ọgbà ìkankọ̀, báǹkì, àti ìjọba tó ni òkun. Èyí tó bá ru ewu nínú wọn ló ń pinnu iye tí wọ́n máa ná, ìgbà tí epo máa jáde, àti ẹni tó máa palẹ̀ mọ́ nígbà tí epo bá tán.

## Ṣé rìgì náà ni FPSO?

Rárá. Iṣẹ́ rìgì ni láti gbẹ́ kànga. Tó bá gbẹ́ ẹ tán, ó máa kúrò níbẹ̀. FPSO kì í gbẹ́ kànga. Ńṣe ló ń dúró sójú kan fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń gba ohun tó ń jáde láti inú kànga, tó ń ya epo sọ́tọ̀ kúrò lára gáàsì àti omi, tó ń tọ́jú epo náà sínú ikùn ara rẹ̀, tó sì ń tú u fún ọkọ̀ agbépo tó bá wá gbé e. Èyí àkọ́kọ́ láyé ni Shell Castellon, ọkọ̀ agbépo tí wọ́n tún ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú òkun Sípéènì lọ́dún 1977. Lónìí, àwọn tó wà káàkiri ayé lé ní 150.

Àwọn ìbátan rẹ̀ wà. TLP ń léfòó, àmọ́ okùn irin tó nà tantan ló dè é mọ́ ilẹ̀ òkun. Hutton, ní Òkun Àríwá lọ́dún 1984, ni àkọ́kọ́. Spar jẹ́ òpó ńlá kan tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ omi. Perdido ti Shell wà níbi tí omi jìn tó nǹkan bí mítà 2,450. Semi-submersible dúró lórí òpó mélòó kan tí ìsàlẹ̀ wọn rì. Àwọn mẹ́ta yìí kì í sábà ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí, torí náà wọ́n nílò páìpù tó máa gbé epo lọ sí èbúté. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pọ̀ ní ìhà òkun Amẹ́ríkà tó wà ní Gulf of Mexico, níbi tí páìpù ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní Bràsíl, Gùyánà àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, pápá jìnnà, páìpù kò pọ̀, FPSO ló sì gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ibi tí wọ́n máa gbé ọkọ̀ náà sí ló ń pinnu bí wọ́n á ṣe dè é. Níbi tí ìgbì sábà ń ti ìhà kan wá, wọ́n á fi ṣéènì àti okùn dè é lórí àti nídìí, kò ní yí. Níbi tí ìjì ti ń yí padà, bí Òkun Àríwá, wọ́n á so gbogbo rẹ̀ mọ́ turret, ojúkò kan tí ọkọ̀ lè máa yí po kó lè kọjú sí ìgbì. Àwọn kan tilẹ̀ lè já ara wọn kúrò lẹ́nu turret kí wọ́n sì sá lọ: Turritella, ní pápá Stones ní Gulf of Mexico níbi tí omi jìn tó nǹkan bí mítà 2,900, ń sá fún ìjì líle, àwọn tó wà lẹ́bàá Newfoundland ní Kánádà ń sá fún òkìtì yìnyín.

## Báwo ni epo ṣe ń ti ìsàlẹ̀ òkun dé inú ọkọ̀ agbépo?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ń fò kọjá nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni owó ń wọlé sí.

Àkójọ fáàfù ńlá kan máa ń wà lórí kànga kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ òkun. Ohun tó jáde láti kànga mélòó kan á pàdé nínú manifold, á gba páìpù tó tẹ́ sílẹ̀ òkun kọjá, á wá gba riser gòkè wá sínú ọkọ̀. Riser ni páìpù tó so ilẹ̀ òkun mọ́ ọkọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lè máa tẹ̀ bí ìgbì ṣe ń ti ọkọ̀ síwá sẹ́yìn, lọ́sàn-án àti lóru, fún ogún ọdún.

Omi ìsàlẹ̀ òkun jíjìn tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, epo tó ń ti inú ilẹ̀ jáde sì gbóná. Bí iṣẹ́ bá dúró tí páìpù sì tutù, gáàsì àti omi inú rẹ̀ á para pọ̀ di hydrate, ohun líle funfun tó lè dí páìpù pa pátápátá. Ìda inú epo náà á dì mọ́ ara páìpù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ohun tó ń mú ooru dúró wé páìpù, tí wọ́n ń fún methanol sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń ka wákàtí: bí iṣẹ́ bá ti dúró, iye wákàtí kan pàtó ló wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi epo tí kò ní gáàsì lé ohun tó wà nínú páìpù jáde. Bí wọ́n bá jẹ́ kí àkókò yẹn kọjá, títú páìpù ọ̀hún lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tó dé orí ọkọ̀ kì í ṣe epo lásán. Epo, gáàsì, omi iyọ̀ àti iyanrìn ló dà pọ̀. Yóò wọ inú táǹkì ìyàsọ́tọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ìfúnpá wọn ń dín kù láti ọ̀kan dé èkejì: gáàsì á bọ́ sókè, epo á dúró láàárín, omi á lọ sísàlẹ̀. Wọ́n á mú epo gbóná, wọ́n á fi iná mànàmáná kó ẹ̀kán omi tó kù jọ kó lè jábọ́, títí omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ kò fi ní ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òǹrajà lè dín owó rẹ̀ kù tàbí kó kọ̀ ọ́. Omi tí wọ́n yọ kò ṣeé dà nù bẹ́ẹ̀ náà. Ní Òkun Àríwá, ìlànà OSPAR, àdéhùn tó ń dáàbò bo òkun ibẹ̀, ni pé epo tó kù nínú lítà omi kan kò gbọ́dọ̀ ju mílígírámù 30 lọ.

Gáàsì ní ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n á fi glycol gbẹ omi ara rẹ̀, compressor á fún un pọ̀. Apá kan á lọ sínú tọ́báìnì tó ń pèsè iná. Ọkọ̀ ńlá kan lè nílò bí 100 megawatt. Apá tó kù á padà sínú ilẹ̀, tàbí kó gba páìpù lọ sí èbúté. Nínú àwọn pápá abẹ́ iyọ̀ ní Bràsíl, níbi tí epo wà lábẹ́ ìpele iyọ̀ tó nípọn nínú ilẹ̀ òkun, CO2 pọ̀ nínú gáàsì, wọ́n sì ń yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó dá a padà sílẹ̀ pẹ̀lú ìfúnpá tó lè kọjá 500 bar. Compressor tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó wọ́n jù lórí ọkọ̀, ó sì wà lára ohun tó ń pẹ́ jù kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tún ń fún omi òkun sínú ilẹ̀ kí ìfúnpá ibẹ̀ má bàa lọ sílẹ̀. Sulphate wà nínú omi òkun, barium sì máa ń wà nínú omi abẹ́ ilẹ̀; bí méjèèjì bá pàdé, wọ́n á di èèpá líle tó ń dí kànga. Sulphate yìí tún ń bọ́ kòkòrò àìfojúrí tó ń pèsè H2S, gáàsì olóró tó ń pa èèyàn, tó sì ń jẹ irin. Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ sulphate kúrò wọ́n, ó sì ń gba àyè, àmọ́ ẹni tó bá yọ ọ́ kúrò nínú ètò láti dín owó kù á rí i nínú kànga lẹ́yìn ọdún díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, epo á wọ inú ikùn ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ń pèsè àgbá 220,000 lóòjọ́, tí ikùn rẹ̀ sì gba mílíọ̀nù méjì àgbá, á kún láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí ọkọ̀ agbépo bá pẹ́, bóyá ìjì ló dí i lọ́wọ́ tàbí họ́ọ̀sì ló bàjẹ́, wọ́n á ní láti dín ohun tó ń jáde láti kànga kù.

## Kí ló dé tí iṣẹ́ pọ̀ báyìí, tí àwọn tó lè ṣe é kò sì tó?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọdún 2014. Láàárín ọdún yẹn, àgbá epo kan ṣì ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní ọdún 2016, ó ti já sí ìsàlẹ̀ 30. Iṣẹ́ tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àwọn ọgbà ìkankọ̀ tó ti gba iṣẹ́ ní iye owó tí kò lè yí padà jẹ gbèsè rẹpẹtẹ, wọ́n lé òṣìṣẹ́ lọ, àwọn kan pa ẹ̀ka yẹn tì. Kó tó gbérí dáadáa ni ọdún 2020 dé: ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin, iye epo Amẹ́ríkà lórí ìwé àdéhùn wọ abẹ́ òdo. Lọ́dún 2023, ẹ̀ka méjì tó jẹ́ abánidíje ní Síńgápọ̀, Sembcorp Marine àti Keppel Offshore & Marine, di ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Seatrium. Lọ́dún kan náà, ọgbà Daewoo ní Kòríà Gúúsù bọ́ sábẹ́ Hanwha, ó di Hanwha Ocean.

Epo tí wọ́n ti rí kò bá wọn gbẹ. Wọ́n rí Tupi lábẹ́ iyọ̀ Bràsíl lọ́dún 2006, Búzios lọ́dún 2010, Liza ní Gùyánà lọ́dún 2015. Kànga wọn ń tú epo púpọ̀ débi pé wọ́n ṣì ń jèrè nígbà tí owó epo bá rẹlẹ̀. Liza bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè epo lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n rí i. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine lọ́dún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tún ń wá gáàsì lójú méjèèjì. Àwọn tó ń béèrè ọkọ̀ padà dé, wọ́n bá àwọn tó ń kàn án pé wọ́n ti dín kù.

Ìwọ̀n iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò kéré. Petrobras, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba Bràsíl, gbé ọkọ̀ P-84 àti P-85 fún Seatrium lọ́dún 2024 ní nǹkan bí bílíọ̀nù 8.15 dọ́là fún méjèèjì, ọkọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa lè pèsè àgbá 225,000 lóòjọ́. TotalEnergies, ilé-iṣẹ́ epo ilẹ̀ Faransé, fọwọ́ sí iṣẹ́ Kaminho ní Àǹgólà lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ó sì fọwọ́ sí GranMorgu ní Suriname lóṣù Kẹwàá, pẹ̀lú ìrètí pé epo méjèèjì á jáde ní 2028. Láti ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ sí i títí di ìgbà tí epo àkọ́kọ́ á jáde, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni.

## Ta ló ń kàn wọ́n, ta ló sì ni wọ́n?

Ilé-iṣẹ́ tó lè gba iṣẹ́ ọkọ̀ ńlá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kò pọ̀. SBM Offshore ti Nẹ́dálándì àti MODEC ti Jàpáánì ló máa ń wà níwájú. Yinson àti Bumi Armada ti Maleṣíà pẹ̀lú BW Offshore ti Nọ́wè náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í sábà fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀. Ara ọkọ̀ sábà máa ń wá láti Ṣáínà tàbí Kòríà Gúúsù. Ẹ̀rọ orí rẹ̀ ń wá ní ìpín ìpín láti Ṣáínà, Síńgápọ̀ àti àwọn ibòmíràn, wọ́n á wá fi kuréènì gbé wọn sórí ara ọkọ̀, wọ́n á so wáyà àti páìpù wọn pọ̀. Bí ìpín kan bá pẹ́, gbogbo yòókù á dúró dè é. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sójú òkun kí iṣẹ́ tó parí, iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ kan lè ṣe nínú ọgbà á gba ọ̀pọ̀ ìlọ́po owó náà lójú agbami, torí àyè ibùsùn tó wà lórí ọkọ̀ ní òdiwọ̀n.

SBM wá ọ̀nà kan láti dín àkókò kù: ó ń ní kí àwọn ọgbà ní Ṣáínà kan ara ọkọ̀ tó jọra, tí wọ́n pè ní Fast4Ward, kó tó rí ẹni tó máa lò ó. Oṣù tó ń jèrè níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ewu rẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ kò bá wá, ọwọ́ òun ni ara ọkọ̀ á wà.

Ní ti ẹni tó ni ọkọ̀, ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Èkíní ni háyà. Agbaṣẹ́ṣe á yá owó ní báǹkì, á ṣe ọkọ̀, á sì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀; ilé-iṣẹ́ epo á máa san owó ojúmọ́ fún un láti ọjọ́ tí epo bá ti jáde, fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, bí ayálégbé ṣe ń sanwó fún onílé. Bí ẹ̀rọ bá dúró ju bí àdéhùn ṣe gbà lọ, owó ojúmọ́ á dín kù. Ṣùgbọ́n bí epo inú ilẹ̀ bá kéré ju bí wọ́n ṣe rò lọ, ewu yẹn sábà máa ń wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ epo.

Èkejì ni kí ilé-iṣẹ́ epo ra ọkọ̀ tààrà lọ́wọ́ ẹni tó kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni Petrobras ṣe ń ṣe àwọn tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P. Ìkẹta wà láàárín méjèèjì: agbaṣẹ́ṣe á kàn án pẹ̀lú owó tó yá, á ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á wá tà á. Ní Gùyánà, ExxonMobil ra Liza Unity lọ́wọ́ SBM lọ́dún 2023, kò tíì pé ọdún méjì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. SBM ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Kí ló fà á tí háyà ọlọ́jọ́ gígùn fi ń dín kù? Ọkọ̀ ńlá kan á gba bílíọ̀nù méjì dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ru gbèsè mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú rẹ̀ kò ní lè yá òmíràn mọ́ títí àwọn ti ìṣáájú á fi máa wọlé. Láti ọdún 2022 èlé orí owó yíyá ga, àwọn báǹkì kan sì ń yẹra: ING àti HSBC kéde lọ́dún 2022, BNP Paribas lọ́dún 2023, pé àwọn kò ní máa yá owó tó jẹ́ ti pápá epo tuntun ní tààrà mọ́. Òfin ìṣirò owó IFRS 16, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2019, tún mú kí háyà hàn bíi gbèsè nínú ìwé ẹni tó háyà. Àǹfààní tó wà nínú kí ọkọ̀ má hàn nínú ìwé wá lọ. Petrobras fojú rí àbájáde rẹ̀ ní pápá SEAP ní Bràsíl: ìpè fún háyà ọkọ̀ ibẹ̀ kò rí àwọn tó fẹ́ gbà á bó ṣe fẹ́, ó sì di àtúnpè.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìjọba náà. Ní Gùyánà, àdéhùn Stabroek, agbègbè òkun tí Liza wà, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ yọ owó tí wọ́n ná kúrò nínú epo tó tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù kí wọ́n tó pín èrè ní ìdajì ìdajì, pẹ̀lú owó ẹ̀tọ́ ìdá 2. Iye tí wọ́n ra ọkọ̀ wà lára owó tí wọ́n ń yọ yẹn. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní ilé-iṣẹ́ kan ló san owó ọkọ̀, ohun tí ará Gùyánà fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí owó yẹn á tán nínú ìṣirò, kí ìpín orílẹ̀-èdè lè pọ̀ sí i.

## Èé ṣe tí iye owó inú ìròyìn kì í bára mu?

Torí pé ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń kà. Bílíọ̀nù 10.5 dọ́là tí wọ́n kéde fún GranMorgu kó kànga, páìpù abẹ́ omi àti ọkọ̀ pọ̀. Ọkọ̀ agbépo tí wọ́n tún ṣe fún pápá kékeré kò lè wọ́n tó ọkọ̀ tuntun tó ń pèsè àgbá 225,000. Àwọn ìwé tó ń díwọ̀n ọjà náà tún yàtọ̀: ẹnì kan á ka iye àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún yẹn, ẹlòmíràn á ka owó háyà ogún ọdún pa pọ̀, ẹ̀kẹta á fi TLP àti ọkọ̀ gáàsì kún un. Kí èèyàn tó gba iye kan gbọ́, kó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀.

Iye àgbá lóòjọ́ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kéde ni ohun tí ẹ̀rọ lè gbà. Liza Destiny, ọkọ̀ kan ní Gùyánà tí wọ́n ṣe fún 120,000, kọjá 150,000 lẹ́yìn tí wọ́n tún àwọn ibi tó há nínú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Pápá tó ti dàgbà máa ń lọ sí òdìkejì: omi á pọ̀ ju epo lọ, ẹ̀rọ tó ń ṣe omi á kún kí ti epo tó kún.

## Kí ló máa ń bàjẹ́?

Ohun tó ń yí ló kọ́kọ́ ń fa ẹjọ́. Lọ́dún 2016, wọ́n rí i pé bíárìn turret ọkọ̀ Kwame Nkrumah ní pápá Jubilee ní Gánà ti ní ìṣòro, ọkọ̀ náà kò sì lè máa yí bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n ní láti dín iṣẹ́ kù, wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tú epo fún ọkọ̀ agbépo padà, nígbẹ̀yìn wọ́n fi okùn dè é mọ́ ojú kan pátápátá. Kò sí ọgbà tí wọ́n lè gbé e lọ láìdá gbogbo pápá dúró, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe àtúnṣe náà lójú òkun.

Ṣéènì ń já. Nínú ìjì oṣù Kejì ọdún 2011, mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó de Gryphon Alpha ní Òkun Àríwá já, ọkọ̀ sún kúrò lójú ibi tó wà, ó sì ba ohun èlò abẹ́ omi jẹ́. Ọdún 2013 ni iṣẹ́ tó padà bẹ̀rẹ̀. Okùn àkọ́kọ́ tó bá já ń sọ ẹrù rẹ̀ sọ́rùn àwọn tó kù, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ṣètò ọkọ̀ kó lè dúró bí ọ̀kan bá lọ. Nígbà tí èkejì bá tẹ̀ lé e kíákíá, ìṣirò yẹn kò bo ohun tó ń bọ̀ mọ́.

Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń tú epo wà lára ohun tó lè jò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tètè rí i. Lóṣù Kejìlá ọdún 2011, epo tó tó nǹkan bí àgbá 40,000 dà sókun láti ojú páìpù tó so ọkọ̀ Bonga ní Nàìjíríà mọ́ ọkọ̀ agbépo. Ní Bràsíl, riser tó ṣeé tẹ̀ ń là nínú lọ́hùn-ún bí CO2 àti omi bá wọ àárín awọ rẹ̀. Ìṣòro yìí fipá mú wọn láti máa ṣàyẹ̀wò, kí wọ́n sì pààrọ̀ àwọn riser kan ṣáájú àsìkò.

Èyí tó burú jù ni gáàsì tó bá jò sínú yàrá tó há. Lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2015, epo fífúyẹ́ jò nínú yàrá pọ́ọ̀ǹpù lórí Cidade de São Mateus ní Bràsíl. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ ibẹ̀ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì bú gbàmù. Ẹ̀mí mẹ́sàn-án ló lọ. Yàrá pọ́ọ̀ǹpù nísàlẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ ogún láti ara ọkọ̀ agbépo àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ti pa á tì, wọ́n ń ki pọ́ọ̀ǹpù sínú táǹkì kọ̀ọ̀kan kó má bàa sí yàrá tí èèyàn máa wọ̀.

## Ti gáàsì ńkọ́?

Ọkọ̀ FLNG ń mú gáàsì tutù dé ìwọ̀n òdì 162 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí tó fi di olómi, tí àyè tó ń gbà sì di nǹkan bí ìdá kan nínú 600. Prelude ti Shell ní Ọsirélíà gùn tó mítà 488. Ó jẹ́ ká rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le: lóṣù Kejìlá ọdún 2021, iná ṣẹ́ yọ, agbára mànàmáná lọ, iṣẹ́ kò sì padà bẹ̀rẹ̀ títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Coral Sul ní Mòsáḿbíìkì kéré sí i, mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 3.4 lọ́dún, ẹrù àkọ́kọ́ rẹ̀ sì lọ lóṣù Kọkànlá ọdún 2022. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ agbégáàsì àtijọ́ ṣe, bí Hilli Episeyo ní Kamẹrúùnù, ń ná owó tó dín sí i.

Lórí FPSO lásán, gáàsì lè di wàhálà. Compressor Liza Destiny bàjẹ́ léraléra lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì ń sun gáàsì tó yẹ kó padà sílẹ̀. Ìjọba Gùyánà wá yí ìwé àṣẹ padà lọ́dún 2021 kí wọ́n lè máa gba owó lórí ohun tí wọ́n bá sun.

## Kí ni àwọn tó ń jiyàn ń sọ?

Ìjiyàn kìíní wà lórí ojú ọjọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2021, IEA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára, sọ pé nínú ètò tó máa mú ayé dé òdo nínú ìtújáde gáàsì tó ń mú ayé gbóná lọ́dún 2050, kò sí àyè fún pápá epo àti gáàsì tuntun ju àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ sí lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ń dáhùn pé pápá tó wà ń gbẹ lọ́dọọdún, àti pé ọkọ̀ tuntun ń tú CO2 díẹ̀ jáde lórí àgbá kan: Bacalhau ń fi ooru tọ́báìnì ṣe iná kún iná, Agogo sì gbé ẹ̀rọ ìdánwò tó ń kó CO2. Àwọn alátakò ní ọ̀pọ̀ CO2 náà ń jáde nígbà tí wọ́n bá sun epo lọ́dọ̀ òǹrajà. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ilé ẹjọ́ ní Skọ́tíláàndì gbé yẹ̀ wò lóṣù Kìíní ọdún 2025 nígbà tó fagi lé àṣẹ pápá Rosebank, tó ní kí wọ́n tún un béèrè pẹ̀lú ìṣirò ohun tí epo ibẹ̀ á tú jáde nígbà tí wọ́n bá lò ó.

Èkejì ni iṣẹ́ fún ọmọ onílẹ̀. Nàìjíríà béèrè pé kí apá kan nínú iṣẹ́ ọkọ̀ Egina wáyé nílé, wọ́n sì gbé ìpín ẹ̀rọ mẹ́fà sórí rẹ̀ ní Èkó kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Kejìlá ọdún 2018. Bràsíl ti gbìyànjú kí wọ́n kan ara ọkọ̀ nílé, àmọ́ lẹ́yìn ọdún 2014 àwọn ọgbà kan wó, apá kan iṣẹ́ náà sì lọ sí Ṣáínà. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní bí wọn kò bá fún ọgbà ní iṣẹ́ léraléra, kò ní mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó ń sanwó ní oṣù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ àgbá 200,000 bá pẹ́ jẹ́ àgbá mílíọ̀nù mẹ́fà tí kò tíì jáde.

## Nígbà tí epo bá tán, ọkọ̀ ńkọ́?

Bí ara rẹ̀ bá ṣì le, wọ́n lè gbé e lọ sí pápá mìíràn. Ọkọ̀ tí wọ́n yàn fún Rosebank ti ṣiṣẹ́ rí ní pápá Knarr ní Nọ́wè. Àtúnlò yìí ń dín àkókò kù, àmọ́ epo tuntun kì í rí bíi ti àtijọ́: ìwọ̀n gáàsì, H2S, ooru àti jíjìn omi yàtọ̀, wọ́n á sì ní láti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Irin tí ipata ti jẹ lábẹ́ ọ̀dà kì í hàn títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara ọkọ̀, ibẹ̀ ni owó àtúnṣe sì ti ń fò kọjá ohun tí wọ́n ṣírò. Èyí tí wọn kò bá lè tún lò á lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀. Àdéhùn Hong Kong, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń tú ọkọ̀ láìpa èèyàn àti òkun lára, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025.

Ewu tí kò sí nínú àdéhùn a máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. FSO Safer, ọkọ̀ ìtọ́jú epo tó dúró láìsí àtúnṣe lẹ́bàá Yẹ́mẹ́nì nígbà ogun, ní àgbá tó lé ní mílíọ̀nù kan nínú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló kó owó jọ tí wọ́n fi fa epo náà kúrò lọ́dún 2023. Ní Ọsirélíà, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ra Northern Endeavour nígbà tí pápá rẹ̀ ti ń gbẹ, ó sì wọ gbèsè títí wọ́n fi tú u ká lọ́dún 2020. Nígbà yẹn, ọkọ̀ náà ṣì wà lójú òkun, ó ṣì so mọ́ kànga. Ìjọba gba ìtọ́jú rẹ̀, ó sì gbé owó orí lé gbogbo àwọn tó ń yọ epo lójú òkun ibẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 2021, sẹ́ǹtì 48 lórí àgbá kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ àwọn tí kò ní in rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọsirélíà fi sí òfin pé ẹni tó bá ta pápá lè jẹ́ ẹni tí wọ́n á pè padà láti wá palẹ̀ mọ́, bí ẹni tó rà á kò bá lágbára rẹ̀.